Kókó Òwú Tí Mo Tú Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

Yàrá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé-ìwé ìjọba kan ní Kútọnu, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi máa ń rì, tí mo fi ní láti ki pákó sábẹ́ rẹ̀. Àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n wá ń kó bá mi níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú. Àwọn tí kíláàsì ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n.

Èmi kì í ṣe tísà. Ọmọ Ṣakété ni mí, aránṣọ sì ni mí. Ọdún méjì péré ni mo lò ní ilé-ìwé kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìgbà tí ìjọba ológun tí à ń pè ní Rẹfolúsíọ̀ dé, tí wọ́n ní kí àgbàlagbà wá kọ́ ìwé ní èdè ìyá rẹ̀, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Faransé tèmi kò ju ti ọjà lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló wá mi wá. Ó mú ṣòkòtò kakí kan tó ya ní ìdí wá sí ìsọ̀ mi. Nígbà yẹn, kámáráàdì ni gbogbo wa ń pe ara wa, ìbáà ṣe mínísítà, ìbáà ṣe ẹni tó ń ta àkàsà.

Ó ní, "Kámáráàdì ìyá aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo ní, "Kámáráàdì ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́. Ìjà ló ya eléyìí ni, àbí ìjókòó?"

"Ìjókòó ni. Ìpàdé ti pọ̀ jù."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó, ó sọ ohun tó gbé e wá. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Àwọn ilé-ìwé tó wà lọ́nà Àbọ̀mé-Kàlàfí ń gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n iyanrìn tiwa kò lè hu ẹ̀gẹ́. Ó fẹ́ kí a máa rán aṣọ kakí àwọn ọmọ fúnra wa. Ó tún ní àwọn ọmọ kan wà tí kò lè bá kíláàsì rìn, ó sì rò pé bí wọ́n bá ń lo ọwọ́, bóyá ọkàn wọn yóò balẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin kì í fi ìwọ̀n ara ẹnìkan rán aṣọ fún gbogbo ìdílé, àbí?"

"Kí n má baà jẹ èébú."

"Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe fún àwọn ọmọ yìí náà nìyẹn."

Bí yàrá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀ tí ọ̀gá kọ nǹkan márùn-ún sí, kò sì sí páálí méjì tó jọra. Ọmọ kan ń kólòlò. Ohun àkọ́kọ́ lórí páálí tirẹ̀ ni kí ó pe orúkọ ara rẹ̀ tán níwájú ẹni mẹ́ta. Òmíràn máa ń fo ògiri sá lọ bí tísà bá ti gbé ohùn sókè. Tirẹ̀ ni kí ó jókòó títí agogo ọ̀sán yóò fi lù. Èyí tí ìṣirò ń dẹ́rù bà, èmi ni mo ń fún ní téépù kí ó máa wọn èjìká àwọn yòókù, kí ó máa rò ó pọ̀, kí ó máa yọ ọ́. Àwọn tísà ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fetí sí ìwé kíkà wọn.

Nítorí pé mi ò lè ka Faransé ọ̀gá, mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo fi òwú pupa kan sí i. Bí ọmọ bá ti ṣe nǹkan náà yanjú, màá ta kókó sí òwú. Bí òwú máràárùn-ún bá ti ní kókó, ọmọ padà sí kíláàsì.

Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ìyá, ohun tí òwú yín bá wí ni èmi náà yóò kọ sínú ìwé." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ìwé, èmi ni mò ń sọ ẹni tí yóò padà síbẹ̀.

Ní ọdún kejì ni ọmọbìnrin kan wá láti Pobè. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá rẹ̀ ti ṣàìsàn pẹ́, òun ló tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú, ìwé sì ti dúró. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, obìnrin kan tó ń ta àkàsà ní ìtòsí Jọ́ńkè, ló gbà á sọ́dọ̀. Ọ̀gá ṣàlàyé fún mi kedere pé ọdún yẹn nìkan ló kù fún un láti ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà tí a fi ń jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára orúkọ tí òun máa fi ránṣẹ́, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà, ó sì parí.

Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀! Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀, mi ò rí irú rẹ̀. Ojú bọ́tìnnì tó bá ṣe, ẹ lè fi ojú wá ibi tí abẹ́rẹ́ gbà títí, ẹ kò ní rí i. Ní oṣù kan àbọ̀ ó ti ní kókó mẹ́rin. Èyí tó kù ni kí ó ka ojú ewé kan ní Faransé láìdúró, kí ó sì sọ ohun tó kà.

Tísà obìnrin kan tó ṣì kéré ló gbọ́ ọ. Ó jókòó tì í lórí àpótí, èmi ń rán aṣọ lọ. Nígbà tí ọmọ kà á tán, ó ní kí ó tún un kà, ó tún un kà. Tísà yíjú sí mi.

"Ìyá, ẹ ta kókó yín o. Ó ń kà á bí ẹni mu omi."

Mo ta á. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé tísà náà lọ sí abúlé kan lápá òkè, mi ò sì tún fojú kàn án mọ́.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa yan níwájú àwọn aláṣẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ wọ kakí tuntun. A ti gé aṣọ, ó wà nílẹ̀ lókìtì. Àwọn ọmọ yòókù lè ṣẹ́tí, wọ́n lè lẹ àpò, ṣùgbọ́n ojú bọ́tìnnì, òun nìkan ni. Kíláàsì tó ń lọ ṣe ìdánwò kì í sinmi, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bó bá wọ ibẹ̀ lọ, mo pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí yóò mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú iṣẹ́ wa. Ìyá iṣẹ́ ló ń sọ ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ yóò gba ìdásílẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá jù ni à ń dá sílẹ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá iṣẹ́ tèmi ṣe fún mi, ọdún kan àbọ̀ ni mo fi sìn ín lẹ́yìn tí mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán, mi ò sì rí i bí ìwà burúkú. Mo wá gbé ìwọ̀n yẹn lé ọmọ ilé-ìwé lórí. Mo sọ nínú ara mi pé bí wọ́n bá ti yan tán, màá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ni?

Ní òwúrọ̀ tí ọ̀gá máa wá wo páálí, kí àwọn ọmọ tó dé, mo mú páálí rẹ̀, mo sì fi abẹ́rẹ́ tú kókó karùn-ún. Òwú náà ti ká, mo fi itọ́ ẹnu mi nà án kí ó lè gún.

Ọ̀gá wọlé. Ó ń yẹ páálí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí tirẹ̀.

"Ọmọ Pobè yìí ńkọ́? Mo ti rò pé yóò ti ṣe tán."

Mo ní, "Kò tíì tó, kámáráàdì."

"Ó dá yín lójú?"

"Kò tíì tó."

Ó wo òwú náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Mo ti fẹ́ kí ó bá mi jiyàn. Kò bá mi jiyàn.

Ọmọ náà dé, ó gbé páálí rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ó fi ìka ka àwọn òwú náà.

"Màmá, kókó mi kan kò sí mọ́."

Ọwọ́ mi wà lórí ẹ̀rọ, mi ò gbójú sókè. "Tísà ló ní kí n tú u kí ó tó lọ. Ó ní ò ń gbé ọ̀rọ̀ mì."

"Ó ní mo kà á dáadáa."

"Kò fẹ́ kí o sunkún ni."

Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, màmá," ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ó mú ẹ̀wù kakí kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú bọ́tìnnì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Láti ọjọ́ yẹn ni kíkà rẹ̀ ti bàjẹ́. Bó bá ṣí ìwé, a máa dúró sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a máa wo ojú mi, a máa tún un pè, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí kò dá a lójú mọ́.

Àwọn ọmọ yan. Kakí wọn ń dán. Aláṣẹ kan béèrè ẹni tó rán an, ọ̀gá nawọ́ sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ Pobè wà lẹ́yìn mi, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní ọmọ náà ti tó wàyí.

Ó gbé ojú sókè láti inú ìwé. "Ìyá, orúkọ ti lọ. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Wọn ò lè fi ẹyọ kan kún un?"

"Wọn kì í fi kún un. Ẹ̀yin náà lẹ ní kò tíì tó." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó tilẹ̀ ń tù mí nínú. "Ẹ má bínú. Ẹ ṣe ohun tí ẹ lè ṣe fún un."

Ẹnu mi wà níbẹ̀, mi ò lò ó. Bí mo bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá yóò ti sáré lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé yóò gba yàrá náà lọ́wọ́ mi. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì jáde.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà fi wá, ó sì fa ọmọ lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ bá mi gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Orí rẹ̀ kò gba ìwé, wọ́n ti wí. Ẹ fi í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín, Ọlọ́run yóò san án fún yín."

Mo gbà á. Mo mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo sì gbà á. Ọdún mẹ́rin ló lò ní ìsọ̀ mi. Lọ́jọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní èmi ni mo yọ òun nínú ìtìjú nígbà tí ìwé kọ òun. Àwọn ènìyàn ní, "Àmín." Èmi náà ní, "Àmín."

Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ dá àga tó ti kán padà sínú yàrá. Ọmọ iṣẹ́ mi náà lọ́kọ, ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ sí Fidjrossè, níbi tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ abẹ́rẹ́. Mo máa ń lọ kí i. Nígbà tí Rẹfolúsíọ̀ ti rẹ gbogbo wa, tí kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní kámáráàdì mọ́ bí kò ṣe fún yẹ̀yẹ́, mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àkọ́bí ti ilé-ìwé dé, tó ń sunkún. Tísà ti fi yíǹkì pupa fàlà sí gbogbo ìwé rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dákẹ́. Èmi lo jọ. Orí ìyá rẹ kò gba ìwé, kí lo wá fẹ́ kí tìrẹ ṣe? Bi Ìyá àgbà, wọ́n mọ̀ ọ́n."

Ọmọ náà yíjú sí mi. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń retí ohun tí màá sọ. Mo ní mo fẹ́ tètè máa lọ.

Mi ò lè jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì. Èmi nìkan ni mo jí ìwé ìyá. Wọ́n sì ti ń fi olè tí mo jà kọ́ ọmọ báyìí. Lọ́jọ́ kẹta mo padà lọ ní òwúrọ̀, mo bá a lórí ẹ̀rọ, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ níhìn-ín.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Tísà ní mo kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo kà á. Ó ní bí ẹni mu omi."

"Ẹ ní ó ní mò ń gbé ọ̀rọ̀ mì."

"Èmi ni mo hun irọ́ náà."

"Nítorí ojú bọ́tìnnì."

"Nítorí ojú bọ́tìnnì ni."

Mo fi ọwọ́ di àga mú, mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ká mi lọ́wọ́ kò.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, màmá. Ẹ má fi ìyẹn kún un."

Ó dìde, ó bu omi fún mi bí a ti ń bu omi fún àlejò, ó sì padà jókòó. Òkun ń dún lẹ́yìn ilé.

Ó ní, "Ọmọ mi yóò dé lọ́sàn-án. Ẹ dúró. Ẹ sọ fún un pé mo kà á. Ẹ sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ohun tí ẹ ṣe sí i, ẹ sọ ìyẹn náà, kí ó má baà rò pé mo rọ̀ yín kí ẹ parọ́."

Mo dúró. Ó ń rán aṣọ lọ títí oòrùn fi dé àárín orí. Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ káàsán." Mo ní kí ó wá jókòó tì mí. Ìyá rẹ̀ pa ẹ̀rọ tì, ó yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, kí òun náà lè gbọ́.