Bírékà tó ń pè mí láti Nima

Nígbà tí yàrá alájọgbélé ìyá mi jóná ní àdúgbò Nima nítorí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sójú iná, oorun dá lójú mi. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Màmá ti ń dàgbà, òun nìkan ló sì ń gbé yàrá tirẹ̀. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Kokomlemle, ó ní òun kò ní kúrò nítòsí mọ́ṣáláṣí òun.

Mo bá ra bírékà iná ìgbàlódé tó ń lo wáífáì onílé. Bí nǹkan tó ń fa iná bá pọ̀ jù, á pa iná yàrá Màmá fúnra rẹ̀, á sì pe fóònù mi ní ìsọ̀ mi ní Adabraka; fóònù náà ni màá sì fi dá iná padà. Màmá wo àpótí kékeré náà lára ògiri títí, ó ní ó dáa, nǹkan á máa ṣọ́ òun kí n lè máa tajà. Mo rẹ́rìn-ín.

Fún ìgbà díẹ̀, kò dún. Nígbà tó yá, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí kì í dún. Màá ti ìsọ̀, màá wọ trotro, ọkọ̀ akérò, lọ síbẹ̀. Màmá á ní òun gbàgbé nǹkan sójú iná ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sì ti ń rò ó pé tipátipá ni màá kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Jímọ̀ kan ni mo tó wo yàrá náà dáadáa. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù àti sítóòfù oníná wà lójú iná pa pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ nítòsí, kò sí ìkòkò lórí sítóòfù. Orí èédú ni Màmá ti se oúnjẹ, ó sì ti bù ú sí abọ́ méjì.

Mo bi í bóyá ó fẹ́ jóná ni. Ó ní bí òun bá pè mí, ọjà kì í jẹ́ kí n wá; bí àpótí yẹn bá pè mí, mo máa ń sáré. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí kò parọ́. Mo yọ áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù kúrò lójú iná, mo mú fóònù láti dá iná padà.

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Fi sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Bí iná bá ti dé, wàá lọ."