Bàbá Olóyin àti Olùkọ́ Inú Fóònù

Lọ́jọ́ tí oyin lé Bàbá Othniel dé títì Ìbàdàn, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, olùkọ́ òyìnbó ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè ti fi ọjà sílẹ̀, wọ́n ń sá. Bàbá ké sí fóònù: "Ọ̀gá, oyin ti ń ta mí o! Kí ni kí n ṣe?" Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí bí oyin ṣe jẹ́ ẹ̀dá jẹ́jẹ́.

Kápẹ́ńtà ni Bàbá. Nígbà tí ẹ̀yìn dídùn ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń sin oyin. Fídíò lásán ni, ṣùgbọ́n Bàbá máa ń kí olùkọ́ náà kí wọ́n tó jókòó. Bí àlejò bá dé, wọ́n á dá fídíò dúró: "Ẹ má bínú, sà, mò ń bọ̀."

Ìyàwó wọn, Màmá Deborah, ní, "Kò gbọ́ yín o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò rí i pé ó dákẹ́ ni?"

Ìgbà tó yá, àwọn tó ni ẹ̀kọ́ náà kéde pé àwọn máa tì í: kò sí onígbọ̀wọ́ mọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í parí rẹ̀. Bàbá wọ ọkọ̀ Àpòmù lọ bá Jímọ́ọ̀ ọ̀rẹ́ wọn, àgbẹ̀ tó sá kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà kété lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀.

"Jímọ́ọ̀, o ti lé olùkọ́ mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́!"

"Othniel, oorun ló ń kùn mí. Èmi nìkan ni mò ń dá wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára. Wọ́n da gbogbo fídíò náà sórí fóònù kí àwọn tó ni ín tó tì í, wọ́n to bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà wọn, wọ́n sì pe ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé. Bàbá fúnra wọn ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Qaosarat, aránṣọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ní, "Bàbá, olùkọ́ ò sọ ìyẹn o."

"Ó gbàgbé ni."

Wọ́n ti ẹ̀kọ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó sá. Nígbà tí Jímọ́ọ̀, tó ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, gbé ìgò oyin àkọ́kọ́ tó rí kó wá, Bàbá gbé ìgò náà síwájú fóònù kí olùkọ́ lè rí i.

Bàbá kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Màmá Deborah gbọ́ ariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù. Jímọ́ọ̀ ti dé, Qaosarat ń gbálẹ̀, gbogbo wọn ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Màmá, tí kò bá wọn jókòó rí, fi etí ìborùn nu ojú.

"Ẹ sún fún mi," ni Màmá wí. "Ibo lẹ bá a dé?"