Ibùsùn Dúrósíta

Ìgbà tí mò ń wí yìí, mo ṣì kéré débi pé tí mo bá dúró ní ìsọ̀ Bàbá mi, imú mi ló ń bá tábìlì ìgéṣọ dọ́gba. Asata ni a ń gbé, ní Enugu, nínú àgbàlá kan tí àwọn yàrá kọjú síra, tí gbogbo wa sì ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nírú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n: tí ìyá ẹnì kan bá ń dín ẹja, gbogbo àgbàlá ló jọ ń gbóòórùn ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá sì nà níhìn-ín, àwọn tọ̀hún á bá a sunkún. Ọmọ Ọ̀fà ni Bàbá mi, télọ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà lójú títì, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa gan-an.

Ìyá Ńkẹ́chi, aládùúgbò wa tó ń ta ọ̀kpà, mọ́ín-mọ́ín àwọn Ìgbò, láràárọ̀, ló fún mi lájá. Ajá rẹ̀ bímọ, ó ní kí n mú ọ̀kan, torí pé mo máa ń bá a nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi ń wé ọ̀kpà. Mo fi híjáàbù mi bo ọmọ ajá náà mọ́ra, mo gbé e délé. Ìyá mi wò mí, ó wo ajá, ó ní, "Ó dáa. Bàbá ẹ ń bọ̀." Ẹ̀yin náà mọ irú "ó dáa" yẹn.

Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, pálọ̀ yẹn náà la ti ń kírun. Bàbá mi ní ajá ò lè dé ibi tí àwọn ti ń forí kanlẹ̀, pé àwọn málàíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Mo sunkún títí ikùn fi ń dùn mí. Nígbà tó yá, ó ní kó máa gbé ìta, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ kan wọ pálọ̀, ọjọ́ náà lòun máa gbé e fún ọlọ́dẹ kan ní GRA, tó ń wá ajá tí yóò máa bá a ṣọ́ ilé ọ̀gá rẹ̀. Òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ sí aládùúgbò, wọ́n á fi sọ ajá wọn lórúkọ. Bàbá mi ò bá aládùúgbò kankan jà. Ajá gan-an ló ń bá wí, ó sọ ọ́ ní Dúrósíta.

Ni mo bá rò ó pé tí ibùsùn ajá yìí bá tù ú lára níta, kò ní wo ọ̀nà pálọ̀ wa rárá. Páálí ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ tẹ́ fún un. Òjò kan ṣoṣo ló sọ páálí náà di ẹ̀kọ. Mo tún lọ tọrọ ògbólógbòó táyà lọ́wọ́ fọgánáísà, mo yí i wálé, gbogbo ọmọ àgbàlá tẹ̀ lé mi. Aṣọ iléèwé mi dúdú kirikiri. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n káwọ́ sókè, ó sì gbé táyà sí ẹ̀gbẹ́ mi bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ jalè. Dúrósíta wá jókòó síwájú mi, ó ń wò mí títí ìyà náà fi parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà.

Mo kó àgékù aṣọ ìsọ̀ Bàbá mi, áńkárá, lééṣì, ìbòrí, gbogbo rẹ̀, mo kì í sínú àpò ìrẹsì, mo fi okùn so ẹnu àpò, mo sì tì í sínú táyà. Ó dára lójú mi. Àmọ́ ajá yìí á wọ́ àpò náà jáde, á wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, á sì gbé imú lé ìloro gẹ́lẹ́. Bí Bàbá mi bá ń jáde láti ṣàlùwàlá ti Àsùbáà, imú ajá ló ń kọ́kọ́ rí. Á dúró, á wò ó. Ìyá mi á ní, "Imú kì í ṣe ẹsẹ̀, Bàbá Rìsí." Èmi ni Rìsí. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún.

Ọ̀sán Sátidé kan, a wà ní ilé kéwú, Ìyá mi lọ sọ́jà, ni ìjì dé, tòun ti òjò ńlá. Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀, mo sáré wálé. Táyà ti dojú dé, àpò ti lọ sínú gọ́tà, àgékù aṣọ sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ káàkiri àgbàlá. Mo pe Dúrósíta títí, kò jáde. Ńkẹ́chi yọrí lójú fèrèsé wọn, ó ní, "Your papa don carry am go." Pé Bàbá mi ti gbé e lọ. Ó ní ìjì ló ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ wa gbayawu kí Bàbá tó dé, mo sì mọ̀ pé ajá ti wọlé nìyẹn, Bàbá ti gbé e lọ sí GRA.

Mo sáré lọ sí ìsọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lọ́rùn Bàbá mi, ó ń tẹ máṣíìnì, jalabíà rẹ̀ rin gbindin lórí ìṣó. Kò wò mí. Ó ní, "Ìyá ẹ ò sí nílé. Mo ní kí n lọ ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, inú pálọ̀ gbẹ, ajá yìí sì gbórí lé ìloro, òjò ń pa á. Kò wọlé." Ó tún sọ ọ́: "Kò wọlé, Rìsí."

Lábẹ́ tábìlì, nínú òkìtì àgékù aṣọ, ni Dúrósíta sùn sí, ó ń hanrun. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ara mi wá fúyẹ́. Bàbá mi ní kí n yéé pariwo, kí n di etí téèpù mú. Ló bá wọn ajá náà, láti imú dé ìrù, lẹ́yìn náà ó wọn àyà rẹ̀ yíká bí ẹni ń wọn oníbàárà. Tapólìn ló fi rán ibùsùn náà, ìránṣọ méjì-méjì létí, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a lè tú kí a lè kó àgékù aṣọ inú rẹ̀ jáde sá sóòrùn. Nígbà tó parí, ó lọ fi yanrìn fọ ọwọ́ tó fi kan ajá lẹ́nu ẹ̀rọ, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó kírun Àlàásárì rẹ̀. Dúrósíta dàgbà, ó sì darúgbó lórí ibùsùn náà.

Trans-Ekulu ni mò ń gbé báyìí, ní Enugu kan náà. Ajá àwọn ọmọ mi ní dókítà, ó ní oúnjẹ inú ọ̀rá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Láyé tiwa, ọ̀kpà tó ṣẹ́kù ni ajá ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló wà, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ fi ìrọ̀rí àtijọ́ ṣe ibùsùn fún ajá náà. Ó ti gbé sísọ́ọ̀sì, ó fẹ́ gé e. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ pé Bàbá á bínú. Bàbá kàn na ọwọ́ síta láti orí àga rẹ̀, ó ń wá téèpù.

Ó ní, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?"