Àmì Orí Àtàǹpàkò Sàkírù

Òórùn máákà ló fa ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu mi. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìlódè, mò ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù fún àwọn èèyàn. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì kan wá tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé kejì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ni wọ́n gbé wá. Wọ́n gún ọmọ kan, ọmọ náà figbe ta, ọ̀kan nínú wọn sì ṣí ìdérí máákà, ó fi kun èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ kí wọ́n má baà gún un lẹ́ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn yẹn wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Kẹrosíìnì tó wà lọ́wọ́ mi kò lè bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìyá Àánú, ẹ gbé tiyín náà wá," nọ́ọ̀sì pe ìyàwó mi.

Ìyàwó mi fún ọ̀já mọ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Tiwa ò ní gbà." Ó wọlé lọ.

Mo tẹ̀ lé e. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ìyá Ológì ló sọ fún mi. Wọ́n fún ọmọ tiwọn náà lábẹ́rẹ́ yìí. Àmì ẹ̀ ṣì wà lórí àtàǹpàkò ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sin. Èéyi yìí kan náà ló pa á. Kí wá ni wọ́n ń gún un fún?"

 Mo mọ àmì tí Ìyá Ológì ń sọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kùn ún.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, n kò kàwé lọ títí. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti yà lọ kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi nà án. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ bí agbo ilé wa ti rí nígbà náà, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ṣe.

Agbo ilé tí wọ́n bí mi sí kò ju ìwọ̀n kí èèyàn ju òkò lọ sí ibi tí mo ń gbé báyìí. Ilé alámọ̀ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, páànù rẹ̀ sì ti pọ́n bí epo. Ògì la máa ń rùn níbẹ̀. Ìyá Ológì, ìyá Sàkírù, ló ni í. Ìyá yìí á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á wá dà á sínú àpò funfun, wọn á gbé òkúta lé e kí omi ara rẹ̀ lè ro. Bí òkúta kò bá tó, wọn á ní kí èmi àti Sàkírù jókòó lé e. Orí àpò ògì ni a ti ń pa àlọ́, orí rẹ̀ la ti ń ka ìṣirò, a ó sì dìde pẹ̀lú ìdí ṣòkòtò tó tutù rinrin. Tíṣà wa ní òun kì í wojú kí òun tó mọ̀ pé àwa ti dé, imú òun ló ń sọ fún òun.

Sàkírù nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Etí rẹ̀ tóbi, ó lè kọ bí àkùkọ débi pé àkùkọ gidi á dá a lóhùn, ó sì lè gun igi àgbálùmọ̀ dé ibi tí ẹ̀ka ti ń tẹ̀. Kò sóhun tó ń dẹ́rù bà á láyé àfi abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí kì í tán lágbo ilé wa nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n ń bọ̀ wá gún gbogbo ọmọdé, àtọmọ ọwọ́ àtọmọ ilé ìwé. Ìyá ìyá mi fara mọ́ ọn. Wọ́n á na ọwọ́ wọn, wọ́n á fi ojú gbẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn ọwọ́ wọn hàn wá. "Gbẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n sín mi ní gbẹ́rẹ́ àkekèé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, bí ó bá ta mí, bí ìgbà tí èèrà bá gé mi jẹ ni." Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ìyá àgbà ń fọ́nnu ni, n kò mọ̀. Wọ́n ní àjẹsára kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó, ohun tí èèyàn jẹ sára de ọjọ́ ibi ni.

Sàkírù gbé ojú sókè lórí àpò ògì. "Tó bá jẹ́ jíjẹ ni, ẹ kúkú jẹ́ kí n fi ẹnu jẹ ẹ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni kò rín. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá yìí ń tún ṣe níwájú ilé wa, ìdí tiwọn sì wà. Ibì kan ni wọ́n ti gún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́ ibà rí, ojú ibẹ̀ wú, ó di eéwo, ọmọ náà sì tiro fún ìgbà pípẹ́. "Èmi ò ní oògùn ò dáa o," wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ọwọ́ tó ń gún un ni mò ń béèrè."

Ìbéèrè yìí náà ni wọ́n gbé ko nọ́ọ̀sì lójú ní ọjọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì dé. Nọ́ọ̀sì náà kò bínú. Ó fa abẹ́rẹ́ titun yọ nínú ọ̀rá rẹ̀ lójú wọn. Ó ní ọ̀kan fún ẹnì kan ni, tí òun bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò tún ṣeé fà mọ́. Bàbá ní ó dáa, kí wá ló wà nínú ẹ̀? Ó ní èéyi ni. Àwọn obìnrin mí kanlẹ̀.

"Èéyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀ ni," nọ́ọ̀sì ní. "Bí ìgbà tí àwọn ọdẹ àdúgbò bá de olè lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀, tí wọ́n wá mú un yí ojúlé ká kí gbogbo ilé lè wo ojú ẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá wá lóòótọ́, ara ti mọ̀ ọ́n, á sì dìde sí i kó tó wọ yàrá."

"Tí èyí tí ẹ dè bá já ńkọ́?"

"Ara lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, Bàbá. Apá lè dun ọmọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè bá ara ọmọ kan jà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tá a fi ní kí wọ́n jókòó tì wá díẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo ara ló ń mọ ojú olè nígbà àkọ́kọ́. Àmọ́ èyí tá ò dè rárá, Bàbá, òun ò tiẹ̀ ní í já. Á kàn rìn wọlé ni."

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ họ orí. Wọ́n ní kí ọmọ wọn lọ tò.

Ìyá Ológì kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Ọjà Ìpetumodù ni wọ́n lọ ra àgbàdo. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ọwọ́ Sàkírù lé mi lọ́wọ́. "Gba àbúrò rẹ mú. O ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí wọ́n á fi gún un." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo gbà á mú. Nígbà tó kàn wá, èmi ni mo kọ́kọ́ na apá, ó ta mí bí ìjàlọ, wọ́n kun èékánná mi, mo wẹ̀yìn. Sàkírù ti lọ.

Inú ilé adìẹ àtijọ́ ni mo ti bá a, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n.

"Jáde, ká padà síbẹ̀."

"Mi ò lọ."

"Ìyá ẹ á nà ẹ́."

"Wọ́n á na ìwọ náà. Ìwọ ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Àwa méjèèjì wo àtàǹpàkò mi. Mo lè purọ́ fún yín pé òun ló mú àbá wá. Òun kọ́. Ní sọ́mìlì ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní máákà tí wọ́n fi ń sàmì sára pákó, tí omi kì í tètè ṣí, inú àpò ẹ̀wù wọn tó wà lára ìṣó ló ń gbé. Mo lọ yọ ọ́. Sàkírù na ọwọ́ òsì rẹ̀, mo kùn ún díẹ̀díẹ̀, mo rọra yí etí èékánná po. Ó dára ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Ẹni tó bá ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo kọ́kọ́ kọ, pátákó onígbàjámọ̀ ni mo máa ń sọ. Irọ́ ni. Àtàǹpàkò Sàkírù ni.

Nígbà tí Ìyá Ológì dé, wọ́n yẹ ọwọ́ àwa méjèèjì wò. Wọ́n ní ọkùnrin ni wá. Wọ́n sì bu ẹ̀pà fún wa, tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé mo di àbúrò mi mú. Mo jẹ ẹ́ tán.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí èéyi fi wọ àdúgbò wa. Sàkírù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, ara rẹ̀ sú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n fi ẹmu wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Kò mu ògì, ọmọ tí ògì wà lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára, wọ́n gbé e sínú tasín láti gbé e lọ sọ́sípítù. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fọwọ́ di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. "Ṣebí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́?" Ìyá Ológì gbé àtàǹpàkò ọmọ wọn sókè. Mo dúró lẹ́bàá wọn. Mo la ẹnu. Mọ́tò lọ.

Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá. Àáfà tó wẹ̀ ẹ́ jáde síta, ó ní àmì kan wà lọ́wọ́ ọmọ yìí tí kò ṣí. Ibẹ̀ ni Ìyá Ológì ti kọ́kọ́ sọ ọ́: "Wọ́n fún tèmi."

Gbólóhùn yẹn rìn. Ta ni kì í ra ògì nínú àwọn ìyá ọlọ́mọ? Bí ọmọ bá ti tó bẹ̀rẹ̀ ògì, ọ̀dọ̀ Ìyá Ológì ni ìyá rẹ̀ á gbà wá, bó bá sì béèrè ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn rí. Wọn kò bú nọ́ọ̀sì, wọn kò bú ìjọba. "Wọ́n fún tèmi," ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú fóònù yín, kò sẹ́ni tó lè bá ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ jiyàn. N kò mọ iye ìyá tó padà sílé pẹ̀lú ọmọ tí wọn kò gún. N kò mọ̀ bóyá ọmọ mìíràn kú níbẹ̀. N kò béèrè rí. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí.

Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún ìyàwó mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Àánú ń jẹ ìka lórí itan rẹ̀. Ó fa ìka yọ lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kóo sọ ọ́ fún."

Mo mọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo lọ. Ìyá Ológì ń sẹ́ ògì, wọ́n ti darúgbó, ọwọ́ wọn funfun títí dé ìgúnpá. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ògì tó dà sílẹ̀, mo sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Wọ́n ń ro ohun tó wà nínú ìkòkò lọ.

"Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ òsì, Mà."

"Kí ni Sàkírù ń ṣe nígbà tóo ń kùn ún?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Mà. Ó ní kí n ṣe é kó dán."

Ọwọ́ wọn dúró nínú omi.  "Ọmọ ọlọ́mọ," wọ́n ní, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tàbí àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ fún ìyá wọn láti ọdún náà wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù. Má wá síbí mọ́. Bí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá ránṣẹ́."

Wọn kò tíì ránṣẹ́. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi bẹ̀ wọ́n.

A gbé Àánú lọ sí ilé ìlera. Mo di apá rẹ̀ mú fúnra mi, n kò sì yí ojú kúrò títí abẹ́rẹ́ fi wọlé. Ara rẹ̀ gbóná mọ́jú, ìyàwó mi ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kẹta ó mu ògì, ó sì tutọ́ rẹ̀ sí mi láṣọ. Ó ku abẹ́rẹ́ kejì, ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. A ó lọ.

Wọ́n ti wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé wa, wọ́n kọ́ yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà síbẹ̀. Kò sí ọmọ tó ń jókòó lórí àpò ògì mọ́. Òórùn máákà nìkan ni kò yí padà. Mo ti pinnu pé ibikíbi tí wọ́n bá tẹ́ tábìlì yẹn sí ní Ìlódè, màá jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá sì ní wọ́n fún ọmọ Ìyá Ológì, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ti Sàkírù.

Àmọ́ nígbà tí ìyàwó mi lọ ra ògì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá ìyá ọlọ́mọ kan níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá kóun gbé ọmọ òun lọ gba abẹ́rẹ́. Ó ní Ìyá Ológì di ògì fún un, wọ́n so ẹnu ọ̀rá, wọ́n tún un so. Wọ́n wá ní, "Gbé e lọ. Wọn ò fún tèmi."