Ẹni Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Wa ní Kóòtù

Mi ò fọkàn tán ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbọrọ ní Accra. Àwa tí wọ́n bí síbí, tí à ń sọ Twi ju Yorùbá lọ, tiwa ò ju ká tẹ orí ba, ká fọwọ́ kan orúnkún. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ-ọmọ mi, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé wa ní Mamobi, ó na gbogbo ara rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Inú àwọn obìnrin ilé ń dùn. Èmi ń bi ara mi pé, kí ni eléyìí ń fi pamọ́?

Wọ́n ní ó ń ta jíà ọkọ̀ àlòkù ní Abossey Okai. Ìyẹn náà tún kún ìfura mi. Mo ra fáànù kan lágbègbè yẹn rí. Bí mo ṣe tan án, ó yíjú sí ilé aládùúgbò mi, kò sì yí síbòmíràn mọ́, àfi ìgbà tí mo gbé e lọ fún un, tó ní òun ni wọ́n jí i mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó wá béèrè lọ́wọ́ fáànù náà.

Nílé wa, ọwọ́ mi ni ìwádìí ìgbéyàwó wà. Bí ọkùnrin bá tọrọ ọmọ, kí ọ̀rọ̀ ìdána tó wáyé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ béèrè bóyá wàràpá wà nílé wọn, bóyá wọ́n máa ń ya wèrè, bóyá wọ́n máa ń jalè. Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n á ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n rán á bá aládùúgbò àwọn ẹni náà jẹun, á sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní Accra òde òní, ohun tí aládùúgbò mọ̀ nípa rẹ ò ju ìgbà tó o kó ẹrù dé lọ. Ọmọ tí mo sì ń wádìí nítorí rẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ti kú, èmi ni mo tọ́ ọ. Ó ti fọkàn sí ọmọkùnrin yìí débi pé bó bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á máa rẹ́rìn-ín sí ògiri. Bí mo bá lọ fi í fún olè, ta ni màá rojọ́ fún?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ ní Tudu ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Mo dárúkọ ọmọkùnrin náà fún un, ó dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ìgbà wo? Kò rántí. Ta ló sọ fún un? Oníbàárà kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí orúkọ wa ṣe rí. Nígbà tí àwọn bàbá wa mú ọmọ lọ síléèwé níbí, olùkọ́ á béèrè orúkọ bàbá ọmọ. Wọ́n á dá a, ahọ́n olùkọ́ ò ní lè gbé e. Olùkọ́ á wá béèrè ìlú tí wọ́n ti wá, á sì kọ orúkọ ìlú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni odindi ìlú kan ṣe di ọmọ bàbá kan lórí ìwé. Fi orúkọ mùsùlùmí kan ṣíwájú rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bó o bá pè é lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ìlà kan gbáko á dáhùn, o ti dá orúkọ ọmọkùnrin náà. O tún ti dá tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ iṣẹ́ mi ni gbogbo Mamobi fi ń pè mí, Bàbá Onífáànù. Mo mọ̀ pé orúkọ wa bára mu, mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ayé ni mò ń fura sí. Kò wá sí mi lọ́kàn kí n fura sí ara mi.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn ń fún èèyàn níwèé tó ń sọ bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá, kó sì tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo ní ṣé mi ò lè tẹ ìka bá a. Ọlọ́pàá náà wò mí títí, ó ní kí n gba kóòtù lọ, pé ẹjọ́ tí wọ́n bá dá ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè béèrè rẹ̀.

Òótọ́ ni, àmọ́ kò rọrùn tó bó ṣe sọ ọ́. Kò sí ibì kan ṣoṣo tí wọ́n kó gbogbo ẹjọ́ Accra jọ sí. Kóòtù kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú tiẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ kóòtù, kó o mọ orúkọ, kó o sì fojú bu ọdún. Mo mú kóòtù tó sún mọ́ Abossey Okai. Akọ̀wé ibẹ̀, obìnrin kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ní kí n kọ lẹ́tà, kí n san owó ìwádìí, kí n gba rìsíìtì. Ìwé kẹrin ni mo kà, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí, mo kọ “ìgbéyàwó”. Ó bojú wo irun funfun mi, ó fi Twi béèrè pé, “Papa, ẹ tún fẹ́ gbé ìyàwó ni?” Mo ní ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ gbé, kó tètè bá mi wá orúkọ ọkọ náà. Mo tún sọ fún un pé fáànù tí mo tún ṣe fún adájọ́ kan rí fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣí wíìgì lórí rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ló bá a mú un. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti rí i. Orúkọ mùsùlùmí, orúkọ ìlú, jíjí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ọmọkùnrin náà á ti tó ọmọ ogún ọdún lọ́dún tí wọ́n kọ síbẹ̀. Akọ̀wé ní bí mo bá fẹ́ ka fáìlì náà látòkèdélẹ̀, ó níye tí màá tún san. Mo ní èyí tí mo rí ti tó.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà. Mo jókòó sórí àga, mo na ìwé sí i. Ó kà á, ó dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Bàbá, èmi kọ́.”

Mo ní gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi, tó fara ti fèrèsé, béèrè pé, “Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni ẹni inú ìwé yẹn?” Mo ní ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò béèrè ni?” Mo ká ìwé mi.

Ọmọkùnrin náà ò bá mi jà. Ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó tẹ ìka, ó sì mú ìwé dé pé òun ò dá ọ̀ràn kankan rí. Mo gbé e sójú oòrùn, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní ó yá jù, pé ní Accra yìí, ohun tó bá yá báyẹn lọ́wọ́ kan nínú. Ọmọ-ọmọ mi wọ yàrá lọ, kò jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àǹtí ọmọkùnrin náà wá, ìyá kan tó sanra dáadáa, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kí mi, ó kí ilé, ó mumi. Ó wá ní ìwádìí kì í ṣe ti ẹbí ìyàwó nìkan, pé òun náà ti lọ sí kóòtù, òun sì san owó fáìlì.

“Ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ yẹn ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà,” ló wí. “Mamobi ló ń gbé. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe. Alàgbà, kí lorúkọ yín?”

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo ní odindi ọdún méjì yẹn, Kumasi ni mo wà, mò ń tún fáànù olóyè kan ṣe, fáànù tó tóbi débi pé àwọn àdán ń sùn sí i. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí i lójú wọn pé mo ń ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́. Kumasi lòótọ́ ni mo wà. Àdán ni kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń purọ́ fáànù láti ìgbà èwe rẹ̀, ta ni yóò yọ Kumasi kúrò lára àdán fún un? Ìyá náà ní kí inú má bí wa, àwọn ò lè gba ọmọ láti ilé ẹlẹ́wọ̀n, pé bí ìwé tèmi náà bá dé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn á padà wá. Ó dìde.

Èmi àti ọmọ-ọmọ mi la jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya ìka ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wáyà bàbà tí mo ti ń yí láti kékeré ti fá gbogbo ìlà orí ìka mi dànù. Ọlọ́pàá nu ẹ̀rọ, ó tún gbìyànjú, ó bojú wò mí bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fá a ni. Ọmọ-ọmọ mi bu ìpara látinú báàgì rẹ̀, ó ń fi ra ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń fòróró pa á lára nígbà tó wà lọ́mọdé.

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?”

Olóyè Kumasi àti àdán rẹ̀ fẹ́ yọ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

“Èmi kọ́.”

Ó mú ìka tó kàn.

Ẹ̀rọ rí ìka mi nígbẹ̀yìn. Ìwé náà pẹ́ kó tó dé, ó sì mọ́: mi ò dá ọ̀ràn kankan rí. Ìyá náà kà á, ó ní wọ́n á wá ṣe ìdána lọ́jọ́ Sunday. Bó ṣe tètè gbà yẹn ló tún mú mi fura. Orúkọ ìlú kan náà ni ẹbí tiẹ̀ ń jẹ́, wọ́n ní àgbàlagbà ọkùnrin nílé, kí ló dé tí kò fẹ́ mọ ẹni tó ni ẹ̀wọ̀n náà gan-an? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ bàtà, mo ń wá rìsíìtì kóòtù tí mo fi sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì.

Ọmọ-ọmọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ó tó.”

Mo bọ́ bàtà.