Ọ̀gá Akọrin Tó Wá Ara Rẹ̀ Nínú Fíìmù

Ní gbogbo Abúlé Òkúta, kò sẹ́ni tí Mákánjúọlá kò tíì sọ fún pé òun ló kọ́ Sabina lórin. Bó bá ń gẹrun, á sọ ọ́. Bó bá ń ra búrẹ́dì, á sọ ọ́. Sabina ti di olórin ópẹ́rà nílẹ̀ òkèèrè, ohùn rẹ̀ nìkan a máa kún gbọ̀ngàn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tí Mákánjúọlá jẹ́ ọ̀gá fún ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe fíìmù ìgbésí ayé Sabina, Mákánjúọlá fúnra rẹ̀ ló bẹ pásítọ̀ pé kí wọ́n fi han ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Iwájú ló jókòó sí.

Fíìmù ò tíì lọ jìnnà tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan fi yọ, tó ń darí akọrin. Àwọn èèyàn ń fọwọ́ kan Mákánjúọlá léjìká, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ni ọkùnrin yẹn bá dá orin dúró, ó nàka sí ọmọdébìnrin tó ń ṣe Sabina.

"Ohùn rẹ dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bọ́ aṣọ akọrin yẹn sílẹ̀, kó o máa lọ sílé."

Ọmọ náà bọ́ aṣọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mákánjúọlá. Ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ti jáde lóòótọ́. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, àfìgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Nígbà tí fíìmù parí, ó lọ bá ìyá Sabina níbi tó jókòó sí.

"Ìyá Sabina, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹkún ló sun wọlé lọ́jọ́ náà. Mo wá mú un lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ orin kan l'Ọ́baníkòró."

"Gbogbo bí mo ṣe ń fọ́nnu lójú yín, ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Mo rò pé ẹ gbàgbé ni. Èmi ò fẹ́ dójú ti àgbàlagbà."

Mákánjúọlá ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun pe ọmọ náà lórí fóònù. Sabina gbé e. Mákánjúọlá dárúkọ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Mo ti gbọ́ yín, sà," ni Sabina sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún màmá mi ní fóònù."

Mákánjúọlá gbé e fún un.