Àádùn Ọmọ Tó Mọ Ìkíni

Òórùn òjé yíyọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí wọ́n bá dárúkọ Igbó-Elérin, àdúgbò tí mo dàgbà sí l'Ékòó. Bàbá ọ̀rẹ́ mi, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá, máa ń gbé iṣẹ́ wálé, òórùn yẹn á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, á lọ dàpọ̀ mọ́ ti ata tí màámi ń dín. Yàrá wọn dojú kọ tiwa. Èmi àti ọmọ wọn obìnrin jọ ń jẹ, a jọ ń ṣeré, débi pé àwọn ìyá wa ò mọ bàtà tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Ọmọbìnrin ni wá méjèèjì, a ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún wa pé ẹ̀yà wa yàtọ̀.

Ìyá bàbá mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n wá láti ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì. Wọn ò tíì tú ẹrù tán tí wọ́n fi fà mí jókòó. "Ìkíni la fi ń mọ ọmọ Yorùbá," wọ́n ní. "Àwọn Ìgbò yìí, wọn kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Má kọ́ ìwà wọn." Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìgbò. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi.

"Ṣé Ìgbò ni ẹ́?"

Ó ronú. "Jẹ́ kí n lọ bi mọ́mì mi." Nígbà tó padà dé, ó ní, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní Yorùbá nìwọ, pé ata yín ti pọ̀ jù."

A wo ara wa títí, à ń wá ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. A ò rí i. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ kíkúnlẹ̀ nìkan ni, mo lè kọ́ ọ. A ṣe iléèwé lẹ́yìnkùlé, èmi ni tíṣà. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, torí tíṣà kì í kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá àádùn tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé. Ọ̀rẹ́ mi jáde, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ara le?"

Ìyá àgbà fọwọ́ pa á lórí. "Ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́." Wọ́n bu àádùn ẹ̀kúnwọ́ kan fún un.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo sáré kọjá. Òkpa tí ìyá ọ̀rẹ́ mi fún mi, oúnjẹ wọn tó dà bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, ló kún ẹnu mi, mi ò lè kí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o rí i?" ìyá àgbà sọ fún ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọmọ Ìgbò yàrá iwájú nìyẹn. Ó kọjá lára mi bí ewúrẹ́."

Mo ti kọ́ ọ̀rẹ́ mi pé a kì í bá àgbà jiyàn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló dáhùn, ó sì ń jẹ àádùn rẹ̀ lọ.

Mo gbé òkpa mì tipátipá. Àádùn yẹn, tèmi ni. "Ìyá àgbà, èmi lọmọ yín," mo ní, omi ti lé sójú mi. Wọ́n gbé ojú wọn sún mọ́ tèmi, wọ́n tún gbé e sún mọ́ tiẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn ti di ògiri mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìkíni?" ìyá àgbà bi ọ̀rẹ́ mi nígbẹ̀yìn.

Ó nawọ́ sí mi. "Òun ni, mà."

"Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n?"

"Tíṣà ni, mà."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín pa ìyá àgbà náà. Wọ́n bu àádùn fún mi, ìyá ọ̀rẹ́ mi sì gbé òkpa wá fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá, wọ́n ní ó dùn, àmọ́ ata rẹ̀ kéré.

Èmi náà ti dọlọ́mọ báyìí, mo sì máa ń ṣọ́ ẹnu mi tí àwọn ọmọ bá wà nítòsí, torí mo mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe sọ àwa méjèèjì di ẹ̀yà méjì. Àmọ́ mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń tú náà. Má rò pé ìyá àgbà yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn Ìgbò ò mọ ìkíni, wọ́n kàn ní ti yàrá iwájú yàtọ̀. Nígbà tó yá, ọmọ Ìgbò tó ń ta búrẹ́dì fún wa náà yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kán oògùn sí wọn lójú ní Òkókómáíkò náà yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, àwọn Ìgbò tí wọn ò tíì bá pàdé rí nìkan ló kù tí ò mọ ìkíni.